CTC nínú ìwé: owó oṣù ni, ìwé kóòtù ni, àbí kí ni? Ẹ dá sí i

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n ní kí n sáìnì ìwé kan kí n dá a padà. Mo ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Àgbárá, àwọn ará Íńdíà ló ni ín, wọ́n ti fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ ní CTC mi lọ́dún jẹ́ ₦3,600,000. Ó dáa. Mo ṣí ojú ewé kẹta níbi tí wọ́n to àwọn ìwé tí màá kó dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sí, wọ́n tún kọ CTC síbẹ̀, wọ́n ní kí n mú CTC affidavit mi wá. Affidavit yẹn ni mo búra ní High Court Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá torí pé orúkọ mi lórí WAEC àti orí NIN ò bára mu. Ṣé CTC kan náà ni méjèèjì? Báwo ni nǹkan tó jẹ́ owó lójú ewé kìíní ṣe máa di ìwé lójú ewé kẹta? Mo bi bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní London, ó ní ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lórí èèyàn kó tó ṣiṣẹ́ ní airport ni. Àǹtí mi ní Houston ní rárá o, ẹ̀dínwó owó orí fáwọn tó bímọ ni. Ẹ bá mi là á yé, mi ò fẹ́ sáìnì ohun tí mi ò mọ̀.

Lọ́yà Abẹ́òkúta:
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó sáìnì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n máa ń gbé ìwé wá bá wa. Kì í ṣe CTC kan náà o. Ti ojú ewé kẹta ni Certified True Copy, ìyẹn ẹ̀dà ìwé tí ọ́fíìsì tí ojúlówó ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn fọwọ́ sí pé ó bá ojúlówó mu. Ohun tí àwa lọ́yà àti àwọn akọ̀wé kóòtù ní Nàìjíríà ń pè ní CTC nìyẹn láti ìgbà tá a ti dáyé.

Evidence Act 2011, abala 104, ló sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má fi sítáǹpù lásán tàn yín. Wọ́n á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dà náà pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fọwọ́ sí i á kọ orúkọ ẹ̀, á kọ ipò tó wà lẹ́nu iṣẹ́, á kọ déètì, á sáìnì, bí òfin bá fún ọ́fíìsì ẹ̀ ní èdìdì wọ́n á lù ú mọ́ ọn. Owó tí ìjọba là sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ di sísan. Ọ̀rọ̀ owó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, Supreme Court sọ ọ́ ní 2011 nínú ẹjọ́ Tabik Investment àti GTB pé sísan owó yẹn wà lára ohun tó ń sọ ẹ̀dà di CTC. Torí náà bó o bá ti sanwó, má jẹ́ kí rìsíìtì sọnù, kódà ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ sára ẹ̀dà náà.

Tìẹ rọrùn. Kọ lẹ́tà sí rẹ́jísítà kóòtù tó o ti búra, kọ nọ́ńbà affidavit àti ọjọ́ tó o búra sínú ẹ̀, sanwó, kó o sì gbà á. Mú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹ dání kí wọ́n lè tètè rí fáìlì.

Àbẹ̀kẹ́ HR:
Lọ́yà ti ṣe tiwọn, ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi torí ojú ewé kìíní yẹn gan-an ló ń ká mi lára. CTC tó wà níbẹ̀ ni Cost to Company. Bí àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà ṣe ń kọ owó oṣù ní ìlú wọn nìyẹn, àwọn kọ́ńpìnì míì nílẹ̀ wa náà ti ń lò ó báyìí. Kì í ṣe owó tó máa wọ àkáǹtì ẹ. Gbogbo owó tí ilé iṣẹ́ máa ná lórí ẹ láàrin ọdún kan ni, tó fi mọ́ èyí tí o ò ní fojú rí.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ papọ̀. 3.6 mílíọ̀nù pín sí oṣù 12 jẹ́ 300,000. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán 10% nínú basic (ìpìlẹ̀ owó oṣù), housing (owó ilé) àti transport (owó ọkọ̀) ẹ, kí ìwọ náà dá 8%. Ká ní 10% ti ọ̀gá yẹn nìkan ni wọ́n kó sínú CTC, tó sì jẹ́ pé nǹkan mẹ́ta yẹn nìkan ló para pọ̀ di owó oṣù ẹ. Owó oṣù ẹ gan-an kó tó di pé wọ́n yọ nǹkan kan á jẹ́ nǹkan bí ₦272,727, wọ́n á wá fi ₦27,273 sí pẹ́ńṣọ̀n ẹ ló fi pé 300,000. Wọ́n á tún yọ 8% tìẹ, ₦21,818 nìyẹn, ó ku ₦250,909. A ò tíì fọwọ́ kan owó orí PAYE o. Èyí tó rọrùn jù lọ ni mo ṣì ṣe yẹn, torí àwọn míì á tún kó HMO (owó ìnṣọ́ránsì ìlera) sínú ẹ̀, wọ́n á kó owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí sí i, wọ́n á kó bọ́ọ̀sì tó ń gbé yín lọ gbé yín bọ̀ sí i, oúnjẹ ọ̀sán, bónọ́ọ̀sì ìparí ọdún tó jẹ́ pé bí ọjà ò bá tà o ò ní rí i, gbogbo ẹ̀ á wà nínú 3.6 yẹn.

Owó pẹ́ńṣọ̀n ò sọnù o, inú RSA, àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n tìẹ, ló ń lọ, tìẹ ni. Àmọ́ o ò lè fi san owó ilé lóṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ Bódìjà:
Háà! Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ẹ ṣeun gan-an. Lẹ́tà yẹn ò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ rárá, CTC ₦3,600,000 nìkan ni wọ́n kọ. Kí ni kí n wá bi wọ́n léèrè tí wọn ò fi ní rò pé mo fẹ́ fa wàhálà kí n tó wọlé?

Àbẹ̀kẹ́ HR:
Kò sí wàhálà níbẹ̀, iṣẹ́ HR ni láti dá ẹ lóhùn. Ìwé kan wà tá a ń pè ní salary breakdown, ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ mọ́ lẹ́tà. Bi wọ́n pé èló ni basic, èló ni housing, èló ni transport, ṣé pẹ́ńṣọ̀n ti agbanisíṣẹ́ wà nínú CTC àbí wọ́n máa fi lé e, èló gan-an ló máa wọ àkáǹtì mi lóṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo nǹkan tán, bónọ́ọ̀sì wo ló dájú, èwo ni wọ́n á wo iṣẹ́ mi kí wọ́n tó san. Ṣọ́ basic dáadáa o, torí ibòmíì wà tó jẹ́ pé basic ni wọ́n fi ń ṣírò owó lívù àti owó tí wọ́n máa fún ẹ bó o bá ń lọ, tí wọ́n bá ti jẹ́ kó kéré wọ́n ti gé ẹ kúrú níbi mẹ́ta mẹ́rin nìyẹn. Béèrè ẹ̀ lórí ímeèlì, má pe wọ́n lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní wà ní fáìlì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wáṣẹ́, bí wọ́n bá bi yín níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé èló lẹ fẹ́, ẹ sọ bóyá owó tó ń wọ àkáǹtì lẹ̀ ń sọ àbí gross (owó oṣù kí wọ́n tó yọ nǹkan kan) àbí CTC. Ẹlòmíì á dárúkọ 300,000, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni owó tó máa gbà délé, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ni CTC. Látìgbà yẹn ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Kò Sí Wàhálà:
Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ kí nǹkan le jù. Affidavit yẹn, ṣe fótókọ́pì ẹ̀, gbé e lọ bá àwọn tó wà lẹ́nu géètì kóòtù, wọ́n á lu sítáǹpù mọ́ ọn, ó parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lọ́yà Abẹ́òkúta:
Ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé ẹ̀dà bá ojúlówó mu. Ẹni tó jókòó lẹ́nu géètì ò rí fáìlì, kí ló fi wé e? Bí ilé iṣẹ́ yẹn bá lọ bi kóòtù tí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, orúkọ ẹni tó gbé ìwé wá ló máa bàjẹ́, kì í ṣe ti onísítáǹpù. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí ìyẹn, ọlọ́pàá náà sì lè dá sí i.

Mo tún ń rí àwọn tó ń gbé sátífíkéètì yunifásítì lọ sí kóòtù pé kí wọ́n bá àwọn ṣe CTC ẹ̀. Kóòtù ò ní sátífíkéètì yín ní fáìlì. Ọ̀dọ̀ ilé ìwé tó fún yín lẹ máa lọ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, ọ̀dọ̀ CAC. Ìdájọ́, kóòtù tó dá ẹjọ́ náà. Ìwé ilẹ̀, ọ́fíìsì tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ìwé ń gbé lẹ máa gbà á.

Bàbá Ìbejì Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Bọ̀ọ̀dá àbúrò wa ò parọ́ o, níbí tá a wà, bí CTC bá wà nínú ìwé iṣẹ́, pàápàá iṣẹ́ airport, iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ sìkọ́ríítì ní ilé ìjọba, Counter-Terrorist Check ni. Wọ́n á kọ ọ́ pé a gbà ọ́ síṣẹ́ ṣùgbọ́n ó dọwọ́ CTC. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé iṣẹ́ ò tíì di tìẹ títí ìwádìí yẹn á fi yọrí. Wọ́n máa ń fẹ́ kéèyàn ti gbé ní UK tó ọdún 3, torí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí físà ilé ìwé, kó bi wọ́n kó tó fi àkókò ṣòfò. Lókè CTC ni SC (Security Check) wà, DV (Developed Vetting) tún wà lókè SC.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kò sẹ́ni tó lè lọ gba CTC fúnra ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń fi orúkọ èèyàn sílẹ̀ fún un. Bí ágẹ́ǹtì kan bá ní kẹ́ ẹ san owó kóun bá yín ṣe CTC kẹ́ ẹ lè ríṣẹ́ airport, olè ni. Mo mọ ọmọ wa tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, ọmọ tó ń ṣe òru nínú wíà háùsì kó tó rí owó yẹn kó jọ, ó dùn mí dé ọkàn. Ẹ má sì fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ nígbà tí CTC ò tíì jáde.

Òmíì tún ni pé tí wọ́n bá ní ká mú certified copy páásípọ̀ọ̀tù wá níbí, kì í ṣe ọ́fíìsì tó ni fáìlì là ń lọ bíi ti Nàìjíríà. Lọ́yà, tíṣà, òṣìṣẹ́ bánkì, irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè ṣe é. Ẹ gbé ojúlówó dání, á wò ó, á kọ ọ́ sára ẹ̀dà pé òun rí ojúlówó, á sáìnì, á kọ déètì, orúkọ, iṣẹ́, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Ẹbí yín ò lè ṣe é, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé ò lè ṣe é, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń fẹ́ra ò lè ṣe é.

Ìyá Tọ́mi, Houston:
Àǹtí náà ò parọ́. Child Tax Credit là ń pè ní CTC ní Amẹ́ríkà, ohun tí IRS, ọ́fíìsì owó orí ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, ń yọ kúrò nínú owó orí ẹni tó ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún 17, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní Social Security Number. $2,000 ni lórí ọmọ kan fún ọdún mélòó kan, wọ́n ti sọ ọ́ di $2,200 láti 2025. UK náà ní tiwọn tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n ti pa á rẹ́ ní April 2025, Universal Credit ló rọ́pò ẹ̀.

Àmọ́ ohun tó mú mi wọlé sọ̀rọ̀ ni àwọn obìnrin wa àti ọkùnrin wa tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ níbí. Nínú ìwé àdéhùn ìkọ̀sílẹ̀ wọ́n máa ń kọ ọ́ pé bàbá ló máa gba CTC lọ́dún kan, ìyá lọ́dún kejì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, IRS ò ní wo ìwé kóòtù yẹn nìkan. Ẹni tí ọmọ ń sùn lọ́dọ̀ ẹ̀ jù láàrin ọdún ni wọ́n mọ̀. Kí ẹnì kejì tó lè gbà á, ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ sáìnì Form 8332 kó sì fún un. Bí àdéhùn yín bá sọ CTC tí ò dárúkọ fọ́ọ̀mù yẹn, tí ò sọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ sáìnì ẹ̀, ìjà ń bọ̀ ní gbogbo February. Ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ẹ̀. Mo ti rí tọkọtaya tí àwọn méjèèjì fi orúkọ ọmọ kan ṣoṣo sínú fọ́ọ̀mù owó orí lọ́dún kan náà, lẹ́tà IRS ló pàdé àwọn méjèèjì.

Oníṣòwò Ìdúmọ̀tà:
Ẹ ṣì máa ya ẹnu sí tèmi. Nínú ìwé àdéhùn tíì, CTC ni crush, tear, curl, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ fọ́ ewé tíì, ya á, ká a kó tó gbẹ. Assam ní Íńdíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú tíì Kẹ́ńyà tí wọ́n ń tà ní ọjà Mombasa, CTC ni. Kọsítọ́mà mi kan rí i lórí invoice ó ní ṣé ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí ni.

Ìyá Olóòtú Ilẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin lọ́yà, tèmi kan ilẹ̀ o. Ọkùnrin kan fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì fún èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ní apá Ìkòròdú. A béèrè C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba), ó gbé CTC C of O jáde, sítáǹpù wà níbẹ̀, orúkọ ọ̀gá wà níbẹ̀, rìsíìtì wà níbẹ̀, ó ní CTC dáa ju ojúlówó lọ torí ìjọba ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Ṣé ká sanwó?

Lọ́yà Abẹ́òkúta:
Mọ̀mí, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ gbọ́ mi ní sùúrù, torí ibí ni CTC ti ń ba ilé àwọn èèyàn jẹ́ jù.

CTC ò sọ pé ilẹ̀ náà dáa. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: pé ẹ̀dà yìí bá ohun tó wà nínú fáìlì mu. Bí wàhálà bá wà lórí ilẹ̀ yẹn, CTC ò ní sọ fún yín. Bí ẹjọ́ bá wà ní kóòtù lórí ẹ̀, kò ní sọ. Bí ọkùnrin yẹn bá ti tà á fún ẹlòmíì lóṣù tó kọjá tí onítọ̀hún ò tíì forúkọ sílẹ̀, kò ní sọ.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í ni pé ojúlówó dà? Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀. Ó lè ní ó sọnù. Ó dáa, kó mú affidavit ìwé tó sọnù wá, kó mú ìwé ọlọ́pàá wá, kẹ́ ẹ sì wo déètì wọn dáadáa bóyá wọ́n bá ìgbà tó gba CTC mu. Ìdáhùn kejì kì í jáde lẹ́nu ẹni tó ń ta ilẹ̀, àwa la máa ń wá a rí: ojúlówó wà ní bánkì, ó ti fi yáwó. Bí ẹ bá ra ilẹ̀ tí ojúlówó ẹ̀ wà nínú àpótí bánkì, gbèsè ẹ̀ lẹ rà mọ́ ọn, lọ́jọ́ tí kò bá san án ọ̀dọ̀ yín ni bánkì ń bọ̀.

Ẹ fi lọ́yà tiyín, kì í ṣe tiẹ̀, ṣe search ní Lands Registry ní Aláùsà. Nínú search lẹ máa ti rí bóyá bánkì ti kọ orúkọ síbẹ̀, bóyá wọ́n ti gbé caveat (ìkìlọ̀ pé ẹlòmíì ní ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ náà) síbẹ̀, orúkọ ta ni ìjọba mọ̀ sí ilẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ tún mú pláànù survey ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor General kí wọ́n wo ibi tó bọ́ sí. Kẹ́ ẹ sì lọ sórí ilẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ bi àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ìyá Olóòtú Ilẹ̀:
Olúwa á bùkún yín, lọ́yà. Ó ń kán wa lójú gan-an, ó ní ẹlòmíì ti gbé owó dání. A ò san mọ́ títí a fi máa ṣe search.

Ọmọ Bódìjà:
Ìbéèrè kan ṣì kù o kí n tó kọ ímeèlì. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ní ṣàlàyé, pé CTC ni CTC, kí lòfin sọ?

Lọ́yà Abẹ́òkúta:
Wọ́n lè kọ CTC sínú ìwé, òfin ò dí wọn lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ inú àdéhùn bá ní ìtumọ̀ méjì tí ìwé náà ò sọ èyí tó jẹ́, kóòtù máa ń túmọ̀ ẹ̀ lọ́nà tó máa ṣe ẹni tí kò kọ ìwé náà láǹfààní, torí ẹni tó kọ ọ́ ló láǹfààní láti kọ ọ́ kó yé èèyàn. National Industrial Court ló ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó o dé ibẹ̀ rárá, ẹjọ́ á jẹ ẹ́ lákòókò. Ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan sínú lẹ́tà tó sọ ohun tí CTC dúró fún lójú ewé kìíní àti ohun tó dúró fún lójú ewé kẹta. Gbólóhùn kan péré. Wo ẹ̀yìn ìwé náà pẹ̀lú, àwọn míì máa ń kó ìtumọ̀ jọ sí ìkángun, èèyàn ò kàn ní ṣí débẹ̀ ni.

Bó o bá fẹ́ ohun tó o máa kọ, kọ èyí: "Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín. Kí n tó fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi salary breakdown ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sì jẹ́rìí sí i pé CTC tó wà lójú ewé kìíní jẹ́ Cost to Company, èyí tó wà lójú ewé kẹta jẹ́ Certified True Copy. Màá dá ìwé padà ní kété tí mo bá rí èsì yín gbà." Yí i sí Gẹ̀ẹ́sì kó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ òní, kí wọ́n rí i láàárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ HR:
Kó o sì béèrè bóyá wọ́n á sún ọjọ́ Ẹtì yẹn síwájú bí breakdown ò bá tètè jáde. Wọ́n máa ń gbà. Lọ sí kóòtù ní tìẹ láàárọ̀ ọ̀la, má dúró dè wọ́n, torí CTC affidavit yẹn lè gbà ju ọjọ́ kan lọ bí ọ̀gá tó máa sáìnì ò bá sí nídìí iṣẹ́.